Àbọ̀ ìbéèrè mi: ṣé ó yẹ kí n sanwó fún ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ tò bá ara mu?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó gbé ìbéèrè yẹn wá ni pé iwájú orúnkún ń dùn mí, ọwọ́ mi sì máa ń kú tí mo bá ti gun kẹ̀kẹ́ pẹ́.

Àwọn tó ní kí n kọ́kọ́ gbé ìjókòó sókè fúnra mi ló jàre jù. Mo fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàálì nígbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, mo wá gbé ìjókòó sókè títí ẹsẹ̀ mi fi nà tán. Orúnkún ọ̀hún sinmi, láìná owó kankan.

Ọwọ́ ni kò gbọ́, ni mo bá lọ rí amọṣẹ́. Ó wo bí orúnkún mi ṣe ń tẹ̀ nísàlẹ̀ pẹ́dàálì (wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó wà láàárín ìwọ̀n dígírì 25 sí 35), kò sì fọwọ́ kan ìjókòó rárá! Irin tó so ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ ara rẹ̀ ló fi èyí tó kúrú rọ́pò. Ibẹ̀ gan-an lowó mi ti ṣiṣẹ́, torí mi ò nà gbọọrọ mọ́ kí n tó dì í mú. Àmọ́ ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì ṣì ń kú bí ìrìn bá gùn. Ó ní kí n máa pààrọ̀ ibi tí mo ń dì mú.

Ní tèmi, ẹni tí orúnkún nìkan ń yọ lẹ́nu lè kọ́kọ́ fowó rẹ̀ pamọ́ ná. Ìjókòó tó fẹ̀ tí ẹnì kan dábàá, mi ò tíì dán an wò. Ẹ ṣeun, gbogbo yín.