"Ìgbémì" kọ́, "ìfàmu" ni: ọ̀rọ̀ lórí eruku àti ìmọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Níbi tí a ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ ìràwọ̀, ẹ̀gbọ́n wa dá a lábàá pé ká pe bí eruku inú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára (absorption) ní "ìgbémì", ká sì pe bó ṣe ń tú agbára rẹ̀ jáde padà (emission) ní "ìtàn". Ẹ má bínú, n ò fara mọ́ ọn. Ti "ìtàn" rọrùn: àfi bí a bá fẹ́ sọ eruku di òpìtàn.

"Ìgbémì" gan-an ni mo bá ní ìjà. Ohun tí a bá gbé mì, ó lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ a máa fa omi mu, oòrùn a sì tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ti eruku ṣe rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìdì ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ìwọ̀n agbára ìmọ́lẹ̀ kékeré kan, nínú kọ̀ǹpútà tó ń fara wé ìrìn ìmọ́lẹ̀. Ó kúrò lára ìràwọ̀. Kọ̀ǹpútà ṣẹ́ kèké: báwo ni yóò ṣe rìn jìnnà tó kó tó kan eruku? Ó kàn án. Kọ̀ǹpútà tún ṣẹ́ òmíràn: ṣé eruku á fà á mu ni, àbí ìdì náà á kàn yà bàrá gba ibòmíràn lọ? Bí eruku bá fà á mu, otútù ara rẹ̀ á dín díẹ̀, agbára yẹn á sì jáde padà ní ìmọ́lẹ̀ abẹ́-pupa (infrared) tí ojú wa ò rí. Àìmọye irú ìdì bẹ́ẹ̀ ni ètò kọ̀ǹpútà SKIRT, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù, máa ń rán jáde. Ìdí nìyí tí mo fi ń pe irú ìṣirò tó ń ṣẹ́ kèké báyìí, tí wọ́n ń pè ní Monte Carlo, ní "ọ̀nà kèké".

Nítorí náà: ìfàmu (absorption), ìyàbàrá (scattering), ìtújáde (emission). "Ìfọ́nká" wù mí tẹ́lẹ̀ dípò "ìyàbàrá", àmọ́ ìdì kan ṣoṣo ò ṣeé fọ́n ká. Ẹ má sì pe abẹ́-pupa ní "ìmọ́lẹ̀ ooru" o. Púpọ̀ nínú eruku yìí tutù dé nǹkan bí −253 °C.

Kí la ó pe ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe yìí (simulation), "àwòṣe" àbí "àfarawé"? Èyíkéyìí tẹ́ mi lọ́rùn.

Ó ku ẹyọ kan. Eruku máa ń dí ìmọ́lẹ̀ búlúù lọ́nà ju pupa lọ, ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á wá pọ́n lójú wa. Ẹni tó pe èyí ní "ìsúnsípupa" ti dà á pọ̀ mọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó ń sá jìnnà sí wa ṣe ń sún sí ìhà pupa (redshift). "Ìmúpọ́n" ni mo mú wá. Ẹ bá mi pè é wò, bóyá ó dùn lẹ́nu.