Àlejò ni mí níbi iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n wá tún ṣe

Ìyá Ìbejì, Tánkè:
Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èkó ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 14 kí alága ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn ní Ìlọrin tó gbé mi wá ṣe ọ̀gá. Oṣù kẹta mi rèé. Sítọ̀ ló ní kí n tún ṣe: oògùn tuntun ló ń kọ́kọ́ jáde torí òun ló wà níwájú, ọjọ́ sì ń kọjá lórí ti ẹ̀yìn. Mo ra kọ̀ǹpútà méjì, mo ní kí wọ́n máa tẹ gbogbo ohun tó bá wọlé síbẹ̀. "A ti gbọ́ mà." Ìgbà tí mo yọjú, tówẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi bo kọ̀ǹpútà. Àáfà tó ti wà nídìí sítọ̀ láti ọdún 19 sẹ́yìn ń kọ̀wé tirẹ̀ lọ. Ìpàdé tí mo pè ní aago kan ọjọ́ Jímọ̀, èèyàn mẹ́rin ló wá. Ó dùn mí gan-an. Ṣé kí n yọ Àáfà ni?

Ọmọ Ìdí-Àpé:
Aago kan ọjọ́ Jímọ̀ kẹ̀, Àǹtí mi! Ìrun ni wọ́n lọ kí, wọn ò yájú sí yín. Ẹ bẹ̀ wọ́n, kẹ́ ẹ gbé e sí Àtàláátà. Kí wọ́n tó gba kọ̀ǹpútà, wọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ bèèrè bí ilé ṣe rí kẹ́ ẹ tó wọlé.

Ará Ọ̀fà:
Ilé-iṣẹ́ bàálù, Boeing, ni Alan Mulally ti wá di ọ̀gá ní Ford tó ń ṣe mọ́tò lọ́dún 2006. Ó ní kí àwọn ọ̀gá abẹ́ rẹ̀ máa fi àwọ̀ sàmì síṣẹ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọ̀ ewé fún èyí tó dáa, pupa fún èyí tó dojú rú. Àwọ̀ ewé ni gbogbo wọn ń gbé wá, ilé-iṣẹ́ tó pàdánù lé ní bílíọ̀nù 12 dọ́là lọ́dún yẹn! Ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn, Mark Fields, gbé pupa jáde, ṣe ni Mulally pàtẹ́wọ́ fún un. "A ti gbọ́ mà" yẹn, àwọ̀ ewé ni. Ẹ̀rù yín ló ń bà wọ́n. Ẹ lọ jókòó ti Àáfà, kẹ́ ẹ ní kó ka ìwé rẹ̀ fún yín.

Ìyá Ìbejì, Tánkè:
Mo ti bẹ̀ wọ́n lójú gbogbo wọn. Mo gbé àga lọ sí sítọ̀ ní Àtàláátà. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti ku oṣù mẹ́ta ni Àáfà ń fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀ nínú ìwé yẹn, láti ayé àwọn ọ̀gá tó ṣíwájú mi. Kò sẹ́ni tó ṣí i wò rí. Ní báyìí, òun ló ń pè é, ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Amoxicillin ló kọ́kọ́ pè: páálí 11, ó ku oṣù méjì. Wọ́n ti kó o síwájú.