Ṣé bí 504 yìí ṣe jáde ní ilé-iṣẹ́ ló ṣì ṣe wà?

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Bàbá wa fi Peugeot 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin sílẹ̀ fún wa ní Àjàṣẹ́, ìwé ọkọ̀ náà sì kọ ọ́ pé ọdún 1971 ni wọ́n ṣe é. Ẹnì kan fẹ́ rà á ní owó gidi, bí kò bá sí ohun tí a pààrọ̀ lára rẹ̀. Ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1971 cc, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ọkọ̀ náà sókè, a rí i pé irin gbọọrọ kan ṣoṣo ló so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Kí ni kí n wò kí n tó fi ẹnu mi jẹ́rìí sí i?

Mẹkáníìkì Kétu:
Àbúrò mi, irin ẹ̀yìn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ́ńjìnnì 1796 cc ni 504 bá jáde ní 1968, ti 1971 cc sì dé ní 1970, nítorí náà ẹ́ńjìnnì rẹ kò tako ìwé. Àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn irú ọkọ̀ yìí máa ń dá mira ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà náà. 1973 ni irú èyí tí wọ́n ń pè ní L dé pẹ̀lú irin kan ṣoṣo. Familiale, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ ìlà mẹ́ta, ní tirẹ̀, irin bẹ́ẹ̀ ló ń lò. Yálà wọ́n yọ irin náà lára ọkọ̀ mìíràn, tàbí akọ̀wé kan ṣi ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì kọ sí ààyè ọdún. Má rẹ́rìn-ín, mo ti rí ìwé tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ará Ṣábẹ̀:
Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n má ṣe dá ẹjọ́ lórí irin nìkan. Wò ó bóyá nọ́ńbà tí wọ́n lù sára ọkọ̀ bá ti pátákó kékeré inú bọ́nẹ́ẹ̀tì mu, kí o sì wo bóyá wọ́n ti tún ìṣó pátákó náà kàn. Lẹ́yìn náà, ká kápẹ́ẹ̀tì inú búùtù, nítorí pé ẹni tó bá tún ọkọ̀ kùn kì í sábà dé ibẹ̀. Ojú ìjórin ilé-iṣẹ́ máa ń tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ti wẹ́ẹ̀dà ìgboro a máa wú gulutu. Rántí pẹ̀lú pé 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná, wọ́n sì tò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ẹ̀yà ara tirẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní ọ̀dọ̀ wa.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì. Nọ́ńbà méjèèjì bára mu, ìṣó rẹ̀ sì ti dípẹtà láìsí àmì ọwọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ọ̀dà búlúù ni mo bá, bẹ́ẹ̀ funfun ni gbogbo ìta, ojú ìjórin gulutu mẹ́rin sì wà níbi tí irin ẹ̀yìn ti so mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Màá fi àwòrán wọn han oníbàárà náà lọ́la.