Àpáàdì ìkòkò òróró Róòmù: kí n kà á ni, àbí kí n wọ̀n ọ́n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwádìí másítà mi dá lórí òróró ólífì tí wọ́n ń kó láti Baetica, ní gúúsù Sípéènì, lọ sí Róòmù. Àpáàdì Dressel 20, irú ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń kó òróró náà, ló pọ̀ jù níwájú mi. Báwo ni kí n ṣe mọ iye ìkòkò tó jẹ́?

Ìdáhùn: Ṣe méjèèjì, àmọ́ má gbára lé wọn. Òfìfo Dressel 20 kan tó nǹkan bíi kílò 30, ó sì ń gba òróró bíi lítà 70. Àpáàdì tirẹ̀ á pọ̀ ju ti àwo kékeré lọ fíìfíì; tó bá dórí ìwọ̀n, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ètè ìkòkò ni kó o mú. Dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí ìwé tí a ya òbìrìkítí sí, yí i títí ìmọ́lẹ̀ ò fi ní gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kó o wo ìdá tó kù. Tó bá jẹ́ ìdá mẹ́rin kan, kọ 0.25. Ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye ìkòkò tó jáde nìyẹn.

Ìdáhùn: Ka etí ìkòkò náà, kó o pín iye rẹ̀ sí méjì, torí etí méjì ni ìkòkò kan ní. Wo òǹtẹ̀ ara etí dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha ọrùn àti èjìká! Ìkọ̀wé dúdú ibẹ̀ máa ń ní orúkọ àwọn kọ́ńsúlù, ìyẹn àwọn olórí tí Róòmù ń yàn lọ́dọọdún, òun la fi ń mọ ọdún àwọn ti Monte Testaccio, òkè àpáàdì tó wà ní Róòmù.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé. Tí mo bá fẹ́ yẹ òróró inú amọ̀ wò ńkọ́?

Ìdáhùn: Má fọ̀ ọ́ rárá. Fóìlì ni kó o fi wé e, kì í ṣe ọ̀rá náílọ́ọ̀nù. Kẹ́míkà ara náílọ́ọ̀nù á wọnú amọ̀, á sì da èsì rú. Bu iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dání fún ìfiwéra.