Èrìgì màmá mi ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ti ń gbàgbé nǹkan, ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ìgbógbó ní Ìkòròdú níbí la wà. Màmá mi, ẹni ọdún 68, tí wọ́n bá ń run orín láàárọ̀ ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde, ẹnu orín yẹn á pọ́n bíi pé wọ́n tì í bọ epo, ó ti tó ọdún méjì, a ò kà á sí. Àmọ́ wọ́n ti wá ń gbàgbé nǹkan báyìí. Ní Sátidé wọ́n fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójú mi, wọ́n tún ń bi mí pé ibo ni iyọ̀ wà. Àyà mi já. Àbúrò mi ní òun gbọ́ pé kòkòrò ìdí eyín máa ń lọ sọ́pọlọ. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti iyọ̀ ni kí wọ́n máa fi yọ ẹnu.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Omi iyọ̀ dáa, àmọ́ kò lè ká ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta mọ́ ìdí eyín, irin ni dókítà eléyín fi ń ha ìyẹn. Àbúrò yín ò parọ́. Lọ́dún 2019 àwọn onímọ̀ kan sọ pé àwọn rí kòkòrò tó ń jẹ èrìgì, Porphyromonas gingivalis, nínú ọpọlọ àwọn tó ní Alzheimer's, ìyẹn àìsàn ìgbàgbé tó ń ba ọpọlọ jẹ́, kí wọ́n tó kú. Ṣùgbọ́n wọ́n dán oògùn tó ń bá kòkòrò yẹn jà wò, nígbà tó di 2021 èsì jáde, kò dá ìgbàgbé yẹn dúró, torí náà ẹnikẹ́ni ò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà pé eyín ló fà á. Ó tún lè jẹ́ òdìkejì rẹ̀, torí ẹni tó ń gbàgbé lè má rántí fọ ẹnu. Ṣé wọ́n máa ń tọ̀ gan-an lóru?

Ẹni tó béèrè: Hàà! Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ tètè yẹ ṣúgà àti BP wọn wò, àtọ̀gbẹ máa ń ba èrìgì jẹ́, ó sì ń dààmú ọpọlọ. Ẹ sọ ti iyọ̀ yẹn fún dókítà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kí wọ́n máa fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́, kí wọ́n má fo ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an mà. Mọ́ńdè la máa lọ sọ́sibítù ìjọba. Wọ́n ní àwọn ò gbà kí wọ́n yọ eyín àwọn o.

Ìyá Ìbejì: Ẹ bá mi kí wọn, ẹ ní híha ni wọ́n fẹ́ ha á. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ibi tẹ́ ẹ bá a dé.