Pulọ́ọ̀tì tí mo rà lẹ́bàá igbó Òṣun

Ẹ kú ìjókòó o. Bí kálukú ṣe ń sọ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ó ṣì ń dùn mí.

Òṣogbo ni mo ń gbé. Èmi àti ìyàwó mi dá àjọ títí, a sì fi san ìdajì owó pulọ́ọ̀tì kan nínú ẹ̀sìtéètì tí ẹbí onílẹ̀ kan fẹ́ gé sí ẹ̀gbẹ́ igbó Òṣun. Ibẹ̀ tutù, àfi ohùn ẹyẹ. Wọ́n ní inú igbó gan-an nìkan ni ìjọba dá sí, pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò kan ẹnikẹ́ni. Mo gbà wọ́n gbọ́.

Irọ́ ni. Igbó náà jẹ́ hẹ́kítà 75 lóòótọ́, ṣùgbọ́n hẹ́kítà 47 mìíràn ló yí i ká tó jẹ́ ilẹ̀ ààbò rẹ̀. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n fi igbó náà kún ogún àgbáyé ní 2005.

Lọ́jọ́ tí àwọn aláṣẹ pè wá sí ìpàdé láti yẹ àwòrán ẹ̀sìtéètì náà wò, àárín àwọn tó rà mo jókòó sí, mò ń gbàdúrà kí wọ́n buwọ́ lù ú. Sọ́fíyọ̀ tẹ́ máàpù sílẹ̀, ó ń fi títì àti ṣọ́ọ̀bù hàn wá. Ìyá àgbà kan tó wọ aṣọ funfun dìde. Kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, omi ìdọ̀tí gbogbo ilé wọ̀nyí, bí òjò bá rọ̀, ibo ló ń gbà?" Sọ́fíyọ̀ fi ìka tọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ náà lọ. Orí odò ni ìka rẹ̀ dúró sí.

Ara mi bù máṣọ. Omi yẹn ni màmá mi fi ń wẹ̀ mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Nínú igbó yẹn, ẹnì kan kì í pẹja, wọn kì í dọdẹ, wọn kì í ro oko. Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó di olórìṣà, tó sì kú ní 2009, bá àwọn tó fẹ́ gé ilẹ̀ igbó náà tà fà á gidi láyé ìgbà tirẹ̀. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò sì ti sọ omi náà di ẹrẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi náà wá fẹ́ da tèmi lé e.

Wọn ò buwọ́ lù ú. Wọ́n ní kí ẹbí náà lọ ṣe àyẹ̀wò ìpalára àyíká, kí wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹbí náà ò tíì padà wá.

Nígbà tí mo béèrè owó mi, wọ́n ní kí n wá ẹlòmíràn tà á fún. Mo kọ̀. Mi ò lè fi irọ́ tí wọ́n pa fún mi gba owó ọlọ́mọ. Díẹ̀ ni wọ́n tíì dá padà. Ẹni tó bá ti gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo lẹ gbà?