Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oko kò fún mi ní káàdì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ń bí mi. Oko àjàrà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nítòsí Fresno, ní California. Tó bá di ọ̀sán, irin àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé àjàrà kì í ṣeé dì mú, omi mímu á sì ti gbóná. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wá sílé àwọn ará Mexico tí a jọ wà lóko, wọ́n pín káàdì fún wọn, kí ẹni tó bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣojú òun fọwọ́ sí i. Èmi nìkan ni wọ́n fò. Mo bi àwọn èèyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan pé ta ló ti fọwọ́ sí i, wọ́n kàn ń wojú mi ni. Ṣé torí àwọ̀ mi ni? Ṣé mo lè pe ẹgbẹ́ lẹ́jọ́?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọkọ mi gé adìyẹ ní Georgia, títí dòní ìka rẹ̀ méjì kò nà. Lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Adé Sacramento: Màmá, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kọ́ ló béèrè. Bọ̀dá, iṣẹ́ wo gan-an lẹ̀ ń ṣe lóko yẹn?

Bàbá Kẹ́mi: Kò lẹ́tọ̀ọ́ kankan. Aráàlú ti dìbò ní 1976, Proposition 14, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oko.

Adé Sacramento: Bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀. 1975 ni Gómìnà Jerry Brown ti buwọ́ lu òfin yẹn. Nígbà tí owó tán lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o, ni Cesar Chavez, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oko tí wọ́n ń pè ní UFW, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbé e lọ síwájú olùdìbò, òun ni Proposition 14 yẹn, kí ọwọ́ àwọn aṣòfin má baà tó o mọ́, kí owó ìgbìmọ̀ má sì tún tán. Wọ́n tún fẹ́ kí ẹ̀tọ́ àtiwọ oko, pé kí àwọn ẹgbẹ́ lè wọlé wá bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, wà nínú òfin gan-an: wákàtí kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, òmíràn lásìkò oúnjẹ, òmíràn lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn olóko náwó, wọ́n ń pariwo ilẹ̀ onílẹ̀. Ó lé ní 60% olùdìbò tó sọ pé àwọn ò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òfin 1975 wà síbẹ̀. Ẹ̀tọ́ àtiwọ oko náà wà lábẹ́ ìlànà ìgbìmọ̀ títí di 2021 tí Kọ́ọ̀tù Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà fagi lé e.

Bàbá Kẹ́mi: Ìbò ṣáà já. Tí mo bá ní oko, àjèjì ò ní wọ̀ ọ́ wá bá lébìrà mi sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹrú yín ni wọ́n ni? Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ sóòrùn láti àárọ̀!

Olùbéèrè: Mi ò béèrè ọ̀rọ̀ 1976. Èmi ò le mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá pẹ́ ni mò ń dá padà sílé, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi nìyẹn.

Adé Sacramento: Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin lẹ̀ ń dá wọn padà?

Olùbéèrè: Fóómàn ni mí. Ṣùgbọ́n oòrùn kan náà ló ń pa gbogbo wa.

Adé Sacramento: Ìdí abájọ! Òfin yẹn kò ka fóómàn mọ́ òṣìṣẹ́, apá olóko ló kà yín sí. Káàdì ò kàn yín. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé ṣé ó ti fọwọ́ sí i. Lójú òfin, olóko ló ń gbẹnu yín dẹ́rù bà wọ́n.

Olùbéèrè: Ọ̀gá ló ní kí n bi wọ́n. Ó fẹ́ gba orúkọ wọn lọ́jọ́ Ẹtì.

Ìyá Ìbejì: Yéè! O ò tíì fún un, àbí?

Adé Sacramento: Ẹ má kọ orúkọ kankan fún un. Ẹ pe ọ́fíìsì ALRB, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó òfin yẹn, láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó dáàbò bo fóómàn tó bá kọ̀. Ẹ má fi fóònù ibi iṣẹ́ pè wọ́n o.